Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ilẹ̀ Yorùbá: Ta ni opó yìí máa kó ẹrù rẹ̀ fún?

Ẹ̀yin bàbá wa nínú Olúwa,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ilé mi ní Oǹdó. N kò ka ẹ̀kọ́ ìsìn ní sẹ́mínárì kankan. Akọ̀wé kóòtù ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń kọ ẹ̀rí sílẹ̀, tí mò ń lẹ nọ́ńbà mọ́ ẹ̀síbítì, ìyẹn ohun ẹ̀rí, tí mò ń búra fún ẹlẹ́rìí, Bíbélì lọ́wọ́ kan, Kùránì lọ́wọ́ kejì. Lẹ́tà yìí ì bá gba ọwọ́ Fádà párísì wa dé ọ̀dọ̀ yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti párísì kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti dáyósíìsì kan. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ síta nìyẹn. Níbi tí mo bá ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ fọwọ́ bàbá bá mi wí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìjọ Francis Xavier Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, n kò ní máa rò ó fún ẹ̀yin tí ẹ sin òkú rẹ̀. Ogójì ẹ̀mí ó kéré tán ni àwọn agbébọn pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, àtọmọdé àtàgbà. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ó tó oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ kí ìbátan mi kan tí ọkọ rẹ̀ bá a lọ. A jẹun, a gbàdúrà. Bí mo ṣe ń dìde àtilọ, ó wọ yàrá, ó gbé báàgì Ghana-must-go kékeré kan jáde. Aṣọ tó wà lára ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló wà nínú rẹ̀: bùbá àti ṣòkòtò ànkárá, fìlà kan, bàtà ẹsẹ̀ kan. Kò fọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn, ó le gbagidi bí awọ. Ó wò mí lójú, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ̀yin lẹ ṣiṣẹ́ kóòtù. Ta ni kí n kó o fún?"

N kò rí èsì fún un. Lójú tèmi, ẹ̀síbítì ni mò ń wò, ẹ̀síbítì tí kò ní nọ́ńbà, tó ti ń gbé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì opó láti ọjọ́ yìí wá. Ìbéèrè rẹ̀ ni mo gbé wá fún yín.

Ohun tí àwọn tó ń wá tù ú nínú máa ń sọ fún un jù ni pé kó dárí jì wọ́n. N kò bá ìdáríjì jà o. Ta ni mo jẹ́ tí n óò fi máa ka Baba Wa kí n sì fo ibẹ̀ yẹn? Àmọ́ mo ti kíyè sí i pé lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ti pe ìdáríjì báyìí, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí ẹnu dákẹ́, kí fáìlì padé. Ìjọ kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ọmọdé tó ń múra fún ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: ẹni tó jí ewúrẹ́ aládùúgbò, tó wá kúnlẹ̀ síwájú Fádà, Fádà kò ní sọ pé kó máa lọ ní àlàáfíà nígbà tí ewúrẹ́ ṣì wà ní ìso lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Yóò dá a padà. Bó bá ti pa á jẹ, yóò san owó rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ lè ti kúrò lọ́rùn èèyàn kí gbèsè ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ wo Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1981 ni Mehmet Ali Ağca yìnbọn lù ú ní gbàgede Pétérù Mímọ́. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ló ti ní òun ti dárí jì í. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1983, ó wá a lọ sí ẹ̀wọ̀n Rebibbia ní Róòmù. Gbogbo wa la mọ fọ́tò yẹn: àwọn méjèèjì lórí àga oníke, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, Póòpù tẹ etí sílẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ìjẹ́wọ́. Èyí tí fọ́tò náà kò fi hàn ni pé nígbà tí Póòpù dìde, òun nìkan ló jáde. Ağca kò bá a jáde. Ó di ọdún 2000 kí ààrẹ Ítálì tó yọ̀ǹda rẹ̀, lẹ́yìn tó ti lo nǹkan bí ọdún mọ́kàndínlógún nínú ẹ̀wọ̀n Ítálì. Póòpù kan náà yìí ló kọ̀wé sí gbogbo ayé fún ọjọ́ Àlàáfíà, ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2002, nígbà tí eruku ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 kò tíì rọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pé kò sí àlàáfíà láìsí ìdájọ́ òdodo, kò sì sí ìdájọ́ òdodo láìsí ìdáríjì. Ẹsẹ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní. Ìkejì nìkan la fi ń rìn, a wá ń yà á lẹ́nu pé à ń tiro.

Ìwé Ìjọ sọ ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń jókòó lórí bẹ́ńṣì mọ̀ lọ. Nínú ìwé Katikísìmù, nọ́ńbà 2313, ó wà níbẹ̀ pé ìpẹ̀yàrun jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó la ikú lọ, àti pé ẹni tó pa àṣẹ bẹ́ẹ̀ àti ẹni tó fi ojú dídì tẹ̀ lé e, kò sí èyí tó mọ́ nínú wọn. Ìwé ẹ̀kọ́ àwùjọ tí Vatican tẹ̀ jáde ní 2004 dárúkọ Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé fún Ìwà Ọ̀daràn, ìyẹn ICC tó wà ní The Hague, ó sì sọ pé léraléra ni àwọn Póòpù ti ń ki iṣẹ́ náà láyà. Ní 2013, Vatican fúnra rẹ̀ kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọ ènìyàn, ìyẹn ìkọlù ńlá tí wọ́n ṣètò sí àwọn aráàlú, sínú òfin ìlú rẹ̀ kékeré. Síbẹ̀, Vatican kò tíì wọ ẹgbẹ́ àwọn tó fọwọ́ sí òfin Róòmù tó dá ICC sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà yóò ní ìdí wọn. Àmọ́ bí bàbá bá ń ní kí ọmọ wẹ odò tí òun fúnra rẹ̀ kò tẹsẹ̀ bọ̀, ọmọ á bojú wẹ̀yìn.

Kò yẹ kí òfin Róòmù ṣòro fún àwa Yorùbá láti lóye. Àwọn tó kọ ọ́ ní 1998 kò ní kí The Hague gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé. Kóòtù ilé ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́. Bí ilé kò bá fẹ́, tàbí tí agbára rẹ̀ kò gbé e, ni tòde yóò dá sí i. Bí ọmọ agbo ilé bá jà, ṣebí baálé ló ń parí rẹ̀? Bí baálé bá gbè sẹ́yìn ẹnìkan, a ó gbé e dé ààfin. Póòpù Pius Kọkànlá ti fi ohun tó jọ ọ́ kọ́ Ìjọ ní 1931, pé ohun tí ẹgbẹ́ kékeré bá lè ṣe, kí ẹgbẹ́ ńlá má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí wá ni ilé wa ṣe? Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin náà tán. Láti ìgbà náà wá, àwọn aṣòfin wa kò tíì sọ ọ́ di òfin ilé. Nígbà tí wọ́n kó ọkùnrin márùn-ún wá síwájú Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 lórí ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀, ẹ̀sùn ìpániláyà ni wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi. Agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. N kò ní fi lẹ́tà dá ẹjọ́ tí adájọ́ ń gbọ́ lọ́wọ́. Orúkọ ẹ̀sùn ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Bóyá ẹ ó ní kí ni orúkọ jẹ́, nígbà tí òkú ti sùn. Akọ̀wé kóòtù ni mí, mo mọ ohun tí orúkọ ń ṣe. Bí mo bá kọ "ìjà" sí ojú fáìlì, ọ̀tọ̀ ni ohun tí lọ́yà yóò wá kó wá. Bí mo bá kọ "ìpànìyàn", ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀sùn ìpániláyà ń béèrè pé ta ló yìnbọn, ta ló fún un lówó, ẹgbẹ́ wo ló wà. Ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọ ènìyàn ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ: ṣé ìkọlù yìí wà lára òmíràn tí wọ́n ṣètò sí àwọn aráàlú tí kò gbé ohun ìjà? Ta ló jókòó sí òkè tó pàṣẹ? Ta ló mọ̀ tó sì fi ọwọ́ rọ́bà mú un? Ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kì í jẹrà. Ọgọ́ta ọdún lè kọjá, ẹjọ́ rẹ̀ kò kú. Ṣé ti Ọ̀wọ̀ kún òṣùwọ̀n yẹn? Adájọ́ ni yóò sọ. Àmọ́ kò sí adájọ́ tí yóò sọ ọ́ bí kò bá sí òfin tó gbà á láyè láti béèrè, tí kò sì sí ẹ̀rí tí yóò fi wọ̀n ọ́n.

Ní ti tòde, ọ́fíìsì olùpẹ̀jọ́ ICC bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ọ̀rọ̀ Nàìjíríà wò ní 2010. Ọdún mẹ́wàá ló gbà wọ́n. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2020, Fatou Bensouda, olùpẹ̀jọ́ náà nígbà yẹn, jáde, ó ní ìdí wà láti gbà pé Boko Haram ti dá ẹ̀ṣẹ̀ ogun àti ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọ ènìyàn, àti pé àwọn ọmọ ogun ìjọba wa náà ti dá a. (Ọmọ Nàìjíríà ni ààrẹ kóòtù náà lọ́jọ́ tí ó sọ ọ́, Chile Eboe-Osuji. Ẹ ò rí ayé.) Ó ku kí wọ́n lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn adájọ́ kí ìwádìí gan-an lè bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló dúró sí.

Ẹ̀yin bàbá wa, mo ti ń bọ̀ síbi tí mò ń lọ. Kóòtù ilé lè lọ́ra, tòde lè sùn, àmọ́ ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni, òun ni àkọsílẹ̀. Mo bá ẹjọ́ ìpànìyàn kan pàdé níbi iṣẹ́ mi, ní kóòtù kan tí n kò ní dárúkọ. Ọdún kẹsàn-án ni wọ́n tó pè é. Nígbà tí a fa fáìlì yọ, ìkán ti jẹ gbólóhùn ẹlẹ́rìí kejì àti ìkẹta tán, ìyókù dà sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní ti kú. Ìyá olóògbé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń wò mí bí mo ṣe ń gbá ìyẹ̀fun ìwé kúrò lórí tábìlì. Wọ́n tú olùjẹ́jọ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó lè jẹ́ pé kò jẹ̀bi lóòótọ́. A kò ní mọ̀ láé.

Àwọn Ìjọ ibòmíràn ti rí èyí ṣáájú wa. Ní Chile, nígbà tí ọ̀gágun Pinochet tó ń ṣèjọba níbẹ̀ ń kó èèyàn lọ tí wọn kì í padà wálé, Kádínà Raúl Silva Henríquez dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní 1976, wọ́n ń pè é ní Vicaría de la Solidaridad. Lọ́yà àti akọ̀wé ló kó sínú rẹ̀, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ìyá tó ń wá ọmọ, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lórí táìpù, wọ́n ń fi í pamọ́. Àwọn ìwé wọ̀nyẹn ni kóòtù Chile wá ń ṣí lẹ́yìn tí ìjọba ológun ti lọ. Ní Guatemala, Bíṣọ́ọ̀bù Juan Gerardi gbé àkọsílẹ̀ irú rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1998. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 26, wọ́n fọ́ orí rẹ̀ ní gáráàjì ilé rẹ̀. N kò fi èyí pamọ́ fún yín. Iṣẹ́ tí mo ń bẹ̀ yín sí ń pa bíṣọ́ọ̀bù.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Philippines. Nígbà ogun tí Rodrigo Duterte, ààrẹ wọn nígbà náà, gbé ti àwọn tó ń lo oògùn olóró, àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń yìnbọn pa lóru. Níbẹ̀, ibojì tálákà jẹ́ èyí tí wọ́n ń háyà. Tí ọdún márùn-ún bá pé tí wọn kò rí owó san, wọn á kó egungun dà nù. Fádà kan, Flaviano Villanueva, bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn ẹbí hú egungun wọ̀nyí kí wọ́n tó dà wọ́n nù. Kì í kàn ṣe pé ó sin wọ́n síbi tó dára. Ó ń kọ́kọ́ kó wọn lọ fún dókítà tó mọ òkú yẹ̀ wò, Raquel Fortun. Dókítà yìí tẹ́ egungun sórí tábìlì, ó tò ó láti orí dé àtàǹpàkò, ó sì rí ihò ọta lára àwọn kan tí ìwé ẹ̀rí ikú wọn sọ pé àìsàn ló pa wọ́n. Egungun jẹ́rìí, ìwé purọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n mú Duterte, wọ́n sì gbé e lọ sí The Hague lórí ẹ̀sùn ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọ ènìyàn. Ẹ̀sùn kì í ṣe ẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí kóòtù ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Fádà kan, ṣọ́bìrì kan, àti dókítà kan ṣe kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Bí a ó bá ṣe irú iṣẹ́ yìí, ó di dandan kí a kọ́kọ́ wo ara wa. Mo mọ̀ pé ẹ mọ ọ̀ràn Athanase Seromba, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń jọ gba Kọ́múníọ̀n kò tíì gbọ́ ọ rí. Fádà ni, ní párísì Nyange ní Rwanda. Ní oṣù kẹrin ọdún 1994, nígbà tí wọ́n ń pa ẹ̀yà Tutsi run, nǹkan bí 1,500 nínú wọn sá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Wọ́n gbé katapílà wá. Kóòtù tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ ní Arusha rí i pé ó fọwọ́ sí i, ó tilẹ̀ tọ́ka ẹ̀gbẹ́ ibi tí ògiri ti hẹ́gẹ́hẹ́gẹ́ han awakọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì wó lé wọn lórí. Lẹ́yìn náà ó di èrò Ítálì, ó ń ṣe Mísà fún àwọn ará Florence pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ní 2008, kóòtù kòtẹ́mílọ́rùn rán an lọ sẹ́wọ̀n gbére. Ẹ mọ ibi tí wọ́n gbé e wá ṣe ẹ̀wọ̀n náà? Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni, níhìn-ín lọ́dọ̀ wa. Akpro-Missérété, níbi tí Àjọ Ìṣọ̀kan ti ń tọ́jú irú àwọn ẹlẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀, kò jìnnà sí Àjàṣẹ́ rárá. Ẹni tó bá kọjá Sẹ̀mẹ̀ tó sì yà sápá ọ̀tún, kò ní pẹ́ débẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, Póòpù Francis tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹ̀ṣẹ̀ Ìjọ àti ti àwọn ọmọ Ìjọ ní Rwanda. Inú mi dùn sí i. Mo kàn ń rò ó pé kóòtù ti ń bá iṣẹ́ lọ láti ọdún pípẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ tó dé.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ Nyange wá rèé: bí a bá ṣí ìwé àkọsílẹ̀, kì í ṣe òkú tiwa nìkan ni a óò kọ sí i. Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwọn Mùsùlùmí tí ṣọ́jà pa ní Zaria ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìgbìmọ̀ ìwádìí pé 347 òkú ni àwọn sin sínú kòtò kan. Bí Àgùdà bá ń sunkún Ọ̀wọ̀ àti Madalla, níbi tí bọ́ǹbù ti pa àwọn olùjọsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2011, tí kò ní omi lójú fún Zaria, ìdájọ́ òdodo kọ́ là ń wá nígbà náà, ìjà ẹ̀sìn ni.

Ó ku ohun kan tó nira fún mi láti kọ. Láti 2018 ni Póòpù Francis ti tún Katikísìmù kọ pé Ìjọ kò gba ìyà ikú láyè mọ́ rárá. ICC náà kì í dá ẹjọ́ ikú. Òfin ìpániláyà wa níhìn-ín gbà á láyè. Nígbà tí mo ń wo báàgì yẹn lọ́wọ́ ìbátan mi, bí ẹ bá bi mí léèrè, okùn ni mo fẹ́. N kò ní purọ́ fún bíṣọ́ọ̀bù. Mo ṣì ń bá a jà nínú àdúrà mi. Nítorí náà, bí àwọn márùn-ún yẹn bá jẹ̀bi, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ohun tí Ìjọ wí, ẹ sọ ọ́ síta, ẹ sọ ọ́ kí ọkàn irú wa tó gba ọ̀nà mìíràn lọ.

Ohun tí mò ń tọrọ kò pọ̀. Kí dáyósíìsì kọ̀ọ̀kan ní yàrá kan tí ìkán kò lè wọ̀, àti ènìyàn méjì tó mọ iṣẹ́ náà, tí yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó yè, ní èdè tó fi ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti ìbuwọ́lùwé. Kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀síbítì, kí wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọwọ́ tó bá kàn án. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíràn. Kí ẹ sì bá àwọn aṣòfin ilẹ̀ wa sọ ọ́ tààrà pé kí wọ́n sọ òfin Róòmù di òfin ilé. Ẹ ní ohùn tí a kò ní. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti ń ṣe gbogbo èyí, tí n kò mọ̀, mo tọrọ àforíjì, ẹ kàn ní kí ẹnìkan sọ fún mi ibi tí opó yìí máa kó báàgì rẹ̀ lọ.

Bí ẹ kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi ṣì ń kọ̀wé dáadáa, awò ojú mi sì jẹ́ tuntun. Owó ọkọ̀ Oǹdó sí Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ohun tí n óò béèrè lọ́wọ́ Ìjọ. Ẹ dá ọjọ́ fún mi.

Èmi ni ọmọ yín nínú Krístì,
Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, Oǹdó.